Máígádì ní Ilé Fúláàtì ní Ìkòròdú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti Ìpàkodò dé Òdógúnyàn, láti Ágírìkì dé Ìgbógbò, ilé fúláàtì mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ ló ń dìde lórí ilẹ̀ tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Tí ìdílé bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà kan, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì kì í pẹ́ dé. Àwọn ìbéèrè tí onílé àti ayálégbé máa ń bi wá jù lọ la kó jọ síbí. Ẹ ó rí i pé ohun kan ń padà wá nínú ìdáhùn wa: ọ̀pọ̀ ohun tó ń bàjẹ́ ní géètì, àwa tí à ń gbé inú ilé la kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Kí ni ìyàtọ̀ máígádì, ọlọ́dẹ àti síkiọ́rítì ilé-iṣẹ́?

Máígádì, ilé kan ṣoṣo ló ń ṣọ́. Ó mọ ojú yín, ó mọ mọ́tò yín, ó mọ àkókò tí àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé dé. Ọlọ́dẹ, àdúgbò ló gbà á. CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ló ń kó owó rẹ̀ jọ láti ojúlé dé ojúlé, òru ló sì ń rìn, tòun ti fèrè àti tọ́ọ̀ṣì. Kò mọ àlejò yín, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ẹni tó bá wọ ọgbà yín lọ́sàn-án. Ẹ má ṣe torí pé ẹ ń san owó ọlọ́dẹ kí ẹ rò pé géètì yín ti ní olùṣọ́.

Síkiọ́rítì ilé-iṣẹ́ ni èyí tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ́lé. Òfin ọdún 1986 ló de irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Sífù Dìfẹ́ǹsì ló sì ń fún wọn ní láìsẹ́ǹsì. Ẹ ní kí wọ́n fi láìsẹ́ǹsì náà hàn yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Òfin kan náà ló ní wọn kò gbọdọ̀ gbé ìbọn, nítorí náà bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣèlérí pé òṣìṣẹ́ òun yóò gbé ìbọn wá síbi géètì yín, ẹ jìnnà sí i. Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ni iye tó ń dé ọwọ́ ọkùnrin tó dúró níbẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá ń san ₦120,000 lóṣù tí ₦45,000 péré ń dé ọwọ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa gba owó lọ́wọ́ àlejò yín, tàbí kí ó lọ láì dágbére.

Ṣé gbogbo ilé ló nílò máígádì?

Rárá. Fúláàtì mẹ́rin tí oníkálukú ní kọ́kọ́rọ́, tí géètì rẹ̀ dára, tí àdúgbò sì ń ti géètì ojú pópó lálẹ́, lè ṣe é láìní i. Láti fúláàtì mẹ́fà sókè, tí mọ́tò ń wọlé jáde, tí omi wà láti fà, tí àwọn dísípáàṣì tó ń gbé ọjà wá ń kan géètì látàárọ̀ dalẹ́, ẹ nílò ẹnì kan.

Ènìyàn mélòó ló tó?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá gba ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ ní kí ó máa ṣọ́ tọ̀sán tòru, gbogbo wákàtí 168 yẹn lẹ gbé lé e lórí, kò sì sí ọmọ ènìyàn tó lè ṣe é. Yóò sùn. Ohun tí ẹ kò mọ̀ kàn ni wákàtí tí yóò sùn.

Ẹni méjì, wákàtí méjìlá méjìlá, ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú ń lò. Wákàtí 84 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, láìsí ọjọ́ ìsinmi kankan, bẹ́ẹ̀ òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan, wákàtí 24 tó tẹ̀ léra, láti sinmi nínú ọjọ́ méje. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ wá ẹni kẹta tí yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ ìsinmi. Bó bá gba iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àwọn méjì àkọ́kọ́ yóò ṣe wákàtí 72, ẹni kẹta yóò ṣe 24. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ lọ́rùn wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn lè là ní aago mẹ́ta òru.

Bó bá jẹ́ pé agbára yín kò ju ti ẹnì kan lọ, ẹ fún un ní wákàtí tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ká ní láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ẹ ti géètì, kí oníkálukú lo kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Èyí sàn ju kí ẹ máa tan ara yín jẹ pé ẹnì kan ń ṣọ́ òru.

Èló ló yẹ kí a máa san?

Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Òfin yẹn kò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, nítorí náà kò de ilé yín. A ṣì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, torí ọjà kan náà ni máígádì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń ná ní Sábó.

Ẹ wo fúláàtì mẹ́jọ. Ẹni méjì ní ₦70,000 jẹ́ ₦140,000. Ẹni kẹta tó ń gba iṣẹ́ nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lóṣù, ní ₦3,000 lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ ₦27,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦167,000, èyí tó kan fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ₦21,000. Bí èyí bá pọ̀ jù, ẹ dín wákàtí kù, ẹ má dín owó ènìyàn kù.

Ta ni kó máa sanwó, onílé ni àbí ayálégbé?

Bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ sínú àdéhùn ilé. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ó wà lára owó ìtọ́jú ilé tí ayálégbé ń san lọ́tọ̀ sí owó ilé. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, tó kan Ìkòròdú, sọ pé onílé tàbí aṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fúnni ní rìsíìtì tó dá dúró fún owó yìí, àti pé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an. Ẹ béèrè rẹ̀. Kì í ṣe ìjà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan máa fi owó tirẹ̀ lé máígádì lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fúláàtì kan san ní ọjọ́ kìíní, òmíràn san ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀kẹta ní kó ṣe sùúrù. Ọkùnrin náà á wá di ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kiri láti sin gbèsè, ẹni tó san á máa pàṣẹ fún un bí ọmọ ọ̀dọ̀ tirẹ̀ nìkan, ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè á sì dúró pẹ́ níwájú géètì nígbà tó bá fọn hóònù. Ẹ yan akápò kan. Kí owó ti pé lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 25, kí ó sì ti wọ àkáǹtì máígádì ní ọjọ́ 28. Owó ẹni tí kò tíì san, kí ẹgbẹ́ ayálégbé yá a, kí wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ onígbèsè.

Báwo ni a ṣe ń gba máígádì tuntun?

Ẹ gba fọ́tò rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN rẹ̀ tó jẹ́ ẹyọ 11, àti nọ́ńbà fóònù ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ béèrè onídùúró méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ní ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ẹ rìn dé ibẹ̀ lóòótọ́. Fọ́ọ̀mù onídùúró tí ẹnikẹ́ni kò tọpa rẹ̀, ìwé lásán ni. Bí ó bá ti ṣọ́ ilé mìíràn rí, ẹ lọ bá àwọn ayálégbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe onílé nìkan, torí ayálégbé ló mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí àlejò.

Òfin kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe iṣẹ́ òru. Ẹ má wo bó ṣe ga tó.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ fún un ní ìwé tó sọ owó oṣù, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi àti iye ọjọ́ ìkìlọ̀ kí ẹ tó pínyà. Ẹ kà á sí etí rẹ̀ ní èdè tó gbọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀, kí ni kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni géètì, àlejò, ìyíká ọgbà, gbígbá iwájú ilé, àti bí ẹ bá fẹnu kò sí i, fífa omi àti títan jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kọ́ ọ ní ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀rọ. Bí súmó, ẹ̀rọ tó ń fa omi, bá máa ń kún táńkì ní wákàtí kan, ẹ sọ fún un pé bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá ìyẹn tí omi kò tíì kún, kí ó pa á, kí ó sì pe ẹni tó yẹ. Súmó tó ń yí láìrí omi fà, yóò jóná, lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé á máa bi máígádì pé kí ló ṣe.

Géètì oníyíyọ̀ ní ìwà tirẹ̀. Iyanrìn máa ń kún ojú irin tó ń yí lórí rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wá máa fò, géètì á wọ́, ẹnì kan á fi agbára tì í, irin á tẹ̀. Kí wọ́n máa fi ìgbálẹ̀ gbá ojú irin láràárọ̀, kí wọ́n sì máa fi gíríìsì sí kẹ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ní apá Ìpàkodò àti Ìbẹ̀ṣẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀sà, ẹ wo ìdí géètì dáadáa, ìpẹtà máa ń tètè mú un níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni kí ó lọ ra búrẹ́dì, kí ó fọ mọ́tò yín ní àkókò iṣẹ́, kí ó ru gáàsì gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ìgbà tí fúláàtì kejì rán an lọ ra káàdì ni olè rí géètì tó ṣí sílẹ̀, fúláàtì karùn-ún ló sì pàdánù. Bó bá fẹ́ fọ mọ́tò yín nígbà ìsinmi rẹ̀, ẹ san owó ẹ̀ fún un lọ́tọ̀.

Ẹnu kan ṣoṣo ni kó máa pàṣẹ. Bí Ìyá Túnjí bá ní kó má jẹ́ kí àlejò wọlé láìpe òun, tí Dádì Bísí ní kó jẹ́ kí gbogbo èèyàn kọjá, ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni yóò ṣe.

Báwo ni ìwé àlejò ṣe yẹ kó rí?

Ìwé ńlá kan tí ẹ fi rúlà fà sí ọ̀nà mẹ́fà: ọjọ́, orúkọ, fúláàtì tó ń lọ, nọ́ńbà fóònù, aago tó wọlé, aago tó jáde. Ọ̀nà kẹfà yìí ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ láìkọ, òun gan-an ló sì níye lórí, torí òun ló ń sọ ẹni tó ṣì wà nínú ọgbà lálẹ́. Bí máígádì yín kò bá mọ̀wé, ẹ má torí ìyẹn lé e. Kí àlejò fúnra rẹ̀ kọ ọ́, kí máígádì wo fóònù ẹni náà bí nọ́ńbà bá bára mu. Dísípáàṣì kò gbọdọ̀ kọjá géètì. Ẹni tó ra ọjà ni kó sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á.

Irú yàrá wo ló yẹ kí a kọ́ fún un?

Yàrá tó ní fèrèsé méjì tó kọjú síra, ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀, àti iná láti orí mítà gbogbogbòò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí tó kàn yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà, yàrá máígádì àti ilé jẹnẹrétọ̀ ló fara kanra, torí igun kan náà ni onílé rí fún méjèèjì. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ májèlé kan tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ẹni tó sùn sínú rẹ̀ lè máà jí mọ́. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí yàrá ní mítà mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹnu sàléńsà rẹ̀ kọjú síbi tí kò sí fèrèsé. Orí fífọ́, èébì àti ojú tó ń yí ni àmì tó kọ́kọ́ ń yọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbé e jáde sí afẹ́fẹ́, kí ẹ sì pe 112 tàbí 767.

Kí ló dé tí àwọn ará Ìkòròdú fi ń fura sí ẹni tó dúró ní géètì?

Ìrírí ló fà á. Ní ọdún 2016 àti 2017, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọ ilé lóru ní agbègbè yìí, wọ́n ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àdúgbò ti gbé géètì sí ojú pópó, tí wọ́n sì ti mú ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ lọ́kùnkúndùn. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, àwọn èèyàn lu aláìṣẹ̀ pa ní Ìkòròdú torí pé wọn kò mọ ojú wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ máígádì ni láti dá àlejò dúró, kí ó pè, kí ó kọ orúkọ sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ lu ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ rán an.

Ìfura mìíràn ni ti ẹ̀yà. Àwọn kan fẹ́ Hausa nìkan, wọ́n ní wọn kì í parọ́. Àwọn mìíràn kò fẹ́ wọn rárá. Ní apá Àgbádárìgì, Ẹ̀gùn àti àwọn tó wá láti Kútọnu ni wọ́n sábà ń rí. A kò gbà pé èdè ẹni ló ń sọ bí ẹni ṣe máa ṣọ́ ilé. Onídùúró tí ẹ mọ ilé rẹ̀ àti owó tó ń wọlé lásìkò ló ń sọ ọ́.

Ṣé ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo irú òṣìṣẹ́ yìí ní ìlú mìíràn?

Rárá o, ìyàtọ̀ ibẹ̀ sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́.

Ní New York, iṣẹ́ gidi ni. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 32BJ ló ń bá wọn dúnàá-dúrà pẹ̀lú àwọn onílé, wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe lójúmọ́, wọ́n ń wọ aṣọ iṣẹ́, wọn kì í sì í sùn síbi iṣẹ́. Ní ọdún 1991 wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 12, àwọn tó ń gbé inú ilé ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fúnra wọn. Ní ìparí ọdún, àṣà ni kí oníkálukú fi owó sínú àpò ìwé fún wọn.

Ní Káírò, ọ̀pọ̀ wọn wá láti gúúsù Íjíbítì, tàwọn tìdílé ni wọ́n sì ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Kò sí ohun tí ẹ̀ṣọ́ yìí kò mọ̀ nípa ará ilé. Ní Paris, yàrá kékeré lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ni ti olùtọ́jú ilé, láti àwọn ọdún 1960 sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ Pọtogí àti Sípéènì ti ń ṣe é. Lónìí, ẹ̀rọ tí à ń tẹ nọ́ńbà sí ti gba ipò púpọ̀ lára wọn.

Ti Seoul ní Kòríà ló yẹ kí gbogbo onílé wa gbọ́. Àgbà ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ọ̀kan gbẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ayálégbé kan lù ú léraléra lórí ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí. Ìlú gbaná jẹ. Ní ọdún 2021 ìjọba ṣe òfin tó to iṣẹ́ tí wọ́n lè fún ẹ̀ṣọ́ ilé lẹ́sẹẹsẹ: wọ́n lè ní kó gbálẹ̀, kó ṣètò ibi ìpáàkì, kó tọ́jú ẹrù tó dé, ṣùgbọ́n wọn kò lè ní kó máa wa mọ́tò ayálégbé tàbí kó máa gbé ẹrù dé ẹnu ilẹ̀kùn oníkálukú.

Báwo ló ṣe yẹ kí àwọn ọmọ máa pè é?

Bàbá, bó bá jẹ́ àgbà. Bọ̀ọ́dà àti orúkọ rẹ̀, bí kò bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kí i láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà mìíràn. Ọmọ tó ń jágbe mọ́ ọn láti inú mọ́tò, ilé ló ti kọ́ ọ.

Kí ló yẹ kó mọ̀ nípa ọjọ́ Orò?

Bí ààfin bá ti kéde ọjọ́ tí obìnrin kò ní jáde, ẹ sọ fún un ṣáájú, pàápàá bó bá jẹ́ àjèjì. Kí ó ti géètì, kí ó sì rán àwọn obìnrin inú ilé létí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ sọ fún àlejò àti dísípáàṣì kí wọ́n má wá lọ́jọ́ náà.

Nǹkan sọnù nínú ọgbà. Ṣé a lè gé owó oṣù rẹ̀?

Ẹ kò lè dédé gé e. Òfin iṣẹ́ kò gbà kí wọ́n yọ owó nítorí ohun tó sọnù láìjẹ́ pé ẹ̀bi rẹ̀ hàn gbangba, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ̀wé fọwọ́ sí i ṣáájú. Ẹ wo ìwé àlejò, ẹ béèrè ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Títì í mọ́ yàrá kí ó lè jẹ́wọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè fi mú ẹ̀yin gan-an.

Báwo ni a ṣe ń dá a dúró?

Bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan tó. Láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì sí ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Ẹ lè san owó àkókò náà fún un dípò ìkìlọ̀.

Ní ọjọ́ tó bá ń lọ, kí akápò san gbogbo owó tó kù kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹni méjì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ pààrọ̀ àgádágodo géètì àti ti ilé súmó ní ọjọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ pínyà pẹ̀lú ìrẹ́pọ̀, torí ẹ kò mọ iye ẹni tó ti ya kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí gbogbo fúláàtì kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ọmọ má bàa ṣí géètì fún un lọ́la pé Bàbá ti padà dé síbi iṣẹ́.